Mo Béèrè Ẹni Tó Dúńbú Adìyẹ

Àlàmísì.

Rahmat, ọmọ ọmọ mi, fi owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ gbé mi lọ jẹun nílé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ní Táíwò. Mo ka pátákó ẹnu ọ̀nà wọn fúnra mi.

Wọ́n gbé ẹran adìyẹ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé wá, ooru ń jáde lára rẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo bi obìnrin tó gbé e wá pé, "Ta ló dúńbú adìyẹ yìí?"

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́! Wọ́n ń wò wá." Rahmat dorí kodò.

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

"Alásè wa ni, Àlájà. Ọmọ Áfáà ni, kì í dúńbú ẹran láìṣe bísímílà."

Mo jẹ mẹ́fà. Ata ò tó.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Rahmat náà ti ń jẹ ẹ́ tọwọ́ tẹnu. Ó ní ẹ̀ẹ̀kẹta òun nìyí níbẹ̀, ẹ̀fọ́ nìkan lòun sì ti ń jẹ. Ojú ló ń ti òun láti béèrè.