Ẹ Má Kí Àbẹ̀kẹ́ ní Pẹ̀lẹ́ Mọ́

Kétu, ní Èkó

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ara ríro. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò olóògbé bàbá mi, tí wọ́n ń ṣe olórí ẹbí wa. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Ràfíù àti ìyàwó wọn. Mo kí Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi, lọ́tọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo ṣe kọ̀wé. Ẹ̀yin ará Ṣakí tí ìwé ìròyìn yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Màámi, mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo gbé ọ̀rọ̀ ilé síta bí ẹni tó sá aṣọ abẹ́ sí ojú títì. Ẹ dárí jì mí. Lórí fóònù, bí mo bá ti sọ gbólóhùn méjì, Bàbá Kékeré á gba fóònù láti ṣàdúrà fún mi, nígbà tí àdúrà bá sì máa fi parí, kò ní sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. Ẹnikẹ́ni kò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu nínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ ní Jímọ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ dá yín lóhùn. Ẹ ní ẹ̀yìn yín kò jẹ́ kí ẹ lè gbé Àbẹ̀kẹ́ láti orí ibùsùn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Ẹ ní ẹbí ti ṣèpàdé, wọ́n sì fẹnu kò pé bí a bá ti ṣe Iléyá tán, kí n di ẹrù mi, kí n wá kojú mọ́ àbúrò mi. Ẹ tún ní níwọ̀n ìgbà tí ọ̀gá mi kò gbà kí n lọ síbi ẹ̀kọ́ tí mo ń yọ yín lẹ́nu lé lórí, Ọlọ́run ló ti ilẹ̀kùn yẹn. Mo ní mo gbọ́, mà. Mo gbọ́ ni mo wí, n kò sọ pé mo gbà.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe, àmọ́ ẹ kò mọ̀ ọ́n dénú. Láti Mọ́ńdè títí dé Jímọ̀, mo ń lọ sí ẹ́sítéètì kan lẹ́yìn Ìkòsì, níbi tí ọkùnrin ẹnu géètì ti ń bi mí láti ọdún mẹ́rin pé ta ni mo wá kí. Tómi ni mo ń lọ tọ́jú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, àìsàn tó mú un ní jòjòló ló ṣe é bẹ́ẹ̀, bíi ti Àbẹ̀kẹ́ wa gẹ́lẹ́. Ọrùn rẹ̀ kì í dúró, ọwọ́ rẹ̀ máa ń lọ síbi tí kò rán an, ohùn rẹ̀ máa ń fà. Ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ pé, ó máa ń nà mí ní lúdò títí màá fi ní n kò ta mọ́. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, tí mo ń wọṣọ fún un, tí mo ń fún un lóúnjẹ, tí mo ń gbé e sórí àga oníkẹ̀kẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbà mí, Mummy Tómi bi mí níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́. Mo ní ẹ̀yìn mi ni, nítorí láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń pọn Àbẹ̀kẹ́.

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, aládùúgbò mi kan fi ìkéde ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Wọ́n fẹ́ ṣe ẹ̀kọ́ fún gbogbo ẹni tó ń fi ìtọ́jú àwọn àkàndá ẹ̀dá ṣiṣẹ́, Sátidé mẹ́rin gbáko, ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Ìkòsì. Mo lọ. Àwọn tí mo bá níbẹ̀ dẹ́rù bà mí díẹ̀. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn tíṣà wá láti Gbàgádà, ọkùnrin kan tó ń fi ọwọ́ túmọ̀ ìwàásù fún àwọn adití ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Anthony wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí kálukú kọ orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé. Mo kọ ọmọ ọ̀dọ̀.

Bí olùkọ́ wa ṣe wọlé báyìí, Ìyáàfin Oyèdélé, tí wọ́n fi ọ̀pá méjì sábẹ́ abíyá, tí ẹsẹ̀ wọn ọ̀tún ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, gbogbo wa pa ohùn pọ̀, a ní ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Wọ́n dúró. Wọ́n ní kí ló ṣe àwọn. Wọ́n ní ṣebí Yorùbá ni wá, àwa la ní ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìjókòó, a tilẹ̀ ń kí ẹni tó ń dirun. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé pẹ̀lẹ́ nìkan la rí kí àwọn, nígbà tí àwọn kò ṣubú, tí àwọn kò sì fẹsẹ̀ kọ. Ọkùnrin ará Anthony ní ọ̀wọ̀ ni. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni, pé tí wọ́n bá kó gbogbo pẹ̀lẹ́ tí wọ́n ti kí àwọn láti kékeré jọ, á kún ọkọ̀ tòmátì kan ní Máìlì 12. A rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ní pẹ̀lẹ́ dára fún ẹni tó fara pa. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń kí ẹni tó fẹ́ dá nǹkan ṣe ní pẹ̀lẹ́, kí a wo ọwọ́ ara wa, ó ti ń lọ gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa lọ sílé ni pé fún ọ̀sẹ̀ kan, kí a gbé pẹ̀lẹ́ mì, kí a sì dúró.

Kí a tó túká, wọ́n ka ìwé tí a kọ orúkọ sí. Nígbà tí wọ́n dé ibi tèmi, wọ́n fa igi lé ọmọ ọ̀dọ̀, wọ́n kọ olùtọ́jú sí i. Màámi, omi bọ́ lójú mi níṣojú àwọn nọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ Túsìdeè ni mo dán an wò. Òjò ń rọ̀. Tómi fẹ́ wọ búláòsì tó ní bọ́tìnì márùn-ún. Mo ní kó dè é fúnra rẹ̀, mo sì jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì. Pẹ̀lẹ́ ń yọ sí mi lẹ́nu ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá yẹ̀. Mo gbé e mì. Ó pẹ́ gan-an, ọbẹ̀ tí mo gbé kaná fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Nígbà tó yá, ó de mẹ́ta, ọ̀kan wà nínú ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín tó fi ń da itọ́. Àsìkò yẹn ni ìyá rẹ̀ wọlé. Wọ́n bá ọmọ wọn tó làágùn, aṣọ wọ́ sí apá kan, èmi jókòó bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Wọ́n bi mí bóyá ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ní Ìkòsì ni pé kí a máa jókòó wo ìyà ọmọ ọlọ́mọ níran. Tómi fẹ́ ṣàlàyé, àmọ́ bí ara rẹ̀ bá gbóná, ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde. Mummy ní pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, wọ́n tú bọ́tìnì tó ti dè, wọ́n sì tún gbogbo ẹ̀ dè fún un.

Lẹ́yìn Sátidé kẹrin, olùkọ́ wa yan ènìyàn méjìlá tí yóò tẹ̀ síwájú. Mo wà nínú wọn. Oṣù mẹ́ta ni, ojoojúmọ́, ní ibùdó kan ní Gbàgádà. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti kọ́ wa bí a ṣe ń kọ́ ẹni bíi Àbẹ̀kẹ́ láti jẹun, láti wọṣọ, láti kúrò lórí ibùsùn láìsí ẹni tí yóò gbé e. Ẹni tó bá parí rẹ̀ yóò gba sátífíkéètì tó lè gbà á síṣẹ́ níbikíbi. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí ọ̀gá ẹni buwọ́ lu fọ́ọ̀mù pé òun yọ̀ǹda rẹ̀.

Mummy Tómi kò buwọ́ lù ú. Wọn kì í ṣe ìkà, Màámi. Wọ́n sunkún níwájú mi. Wọ́n ní olùtọ́jú mẹ́ta ló ti ṣáájú mi, pé ọ̀kan já Tómi sílẹ̀ ní balùwẹ̀, pé ọwọ́ mi nìkan ni ọmọ àwọn mọ̀, pé kí n sọ iye tí mo fẹ́ kí wọ́n fi kún owó mi. N kò bèèrè owó. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ló di okùn tí wọ́n fi so mí mọ́lẹ̀. Ká ní ọ̀lẹ ni mí ni, wọn ì bá ti yọ̀ǹda mi tipẹ́. Mo lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí n máa lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá fi í sílẹ̀, níbo ni owó oògùn yín yóò ti máa wá? Ẹ̀yin náà ń pè mí sílé. Bí mo bá wo iwájú, ẹnìkan dúró sí ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá wo ẹ̀yìn, ẹ̀yin lẹ dúró síbẹ̀.

Bí mo bá délé ní ìrọ̀lẹ́, n kì í rí ẹni sọ ọ́ fún. Odò Ògùn ti kún láti ọ̀nà Àgbóyì, omi wọ òpópónà wa, mo ti fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì mi sókè. Àwọn tí a jọ ń gbé ilé ń gbọ́n omi tiwọn, wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń pè mí ní nọ́ọ̀sì. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà màá wọlé, màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì gíga yẹn, ẹsẹ̀ mi kò ní kanlẹ̀.

Mo bínú sí yín, Màámi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó lè tán nínú mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tí mo rántí, èmi náà wà nínú ẹ̀. Ṣé ẹ rántí ọdún tí a kó lọ sí ilé tuntun? Àbẹ̀kẹ́ tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ gbé ẹ̀kọ kalẹ̀, ó na ọwọ́ òsì, ó mú un, ó ń gbé e bọ̀ lẹ́nu. Ẹ ní pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, òsì kọ́, a kì í fi òsì jẹun. Èmi ni mo gba ẹ̀kọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo sì fi sí i lẹ́nu. Ó tutọ́ ẹ̀ dànù. Ó sunkún di àṣálẹ́, a ní inú ló ń run ún, ẹ fi àdí pa á níkùn. Inú kankan kò run ún. Ọwọ́ òsì nìkan ló ń gbọ́ tirẹ̀, a sì kọ̀ ọ́ fún un. Láti ìgbà yẹn, kò na ọwọ́ sí oúnjẹ mọ́, àwa sì ń sọ fún àlejò pé kò lè dá jẹun. Olùkọ́ wa ní ọwọ́ tó bá gbọ́ràn ni ọwọ́ ọ̀tún ẹni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àwo síwájú rẹ̀, kí ẹ sì jókòó lé ọwọ́ yín.

Lánàá, Tómi ní kí ìyá òun wá jókòó. Mo wà ní kíṣìnì, mo ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó jáde, ṣùgbọ́n ó jáde. Ó ní òun kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó so Àǹtí Rísí mọ́ òun. Ó ní kí n máa lọ, òun kò ní kú, pé ìgbà wo ni wọ́n tilẹ̀ bi òun. Mummy dìde, wọ́n lọ sí yàrá wọn. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, wọn kò tíì buwọ́ lù ú, Jímọ̀ tó ń bọ̀ sì ni ọjọ́ tí wọn yóò gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ tí Tómi sọ ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ẹbí ṣèpàdé lórí Àbẹ̀kẹ́. Níbo ni Àbẹ̀kẹ́ wà nígbà tí ẹ ń ṣèpàdé? Mo mọ ibi tó wà. Ó wà ní yàrá, lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ń gbọ́ yín. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Màámi, kí ẹ tó fèsì lẹ́tà yìí, ẹ bá mi bi í. Ẹ ní kí ló fẹ́: ṣé kí n wá báyìí, àbí kí n lọ kọ́ṣẹ́ náà tán kí n tó wá. Kí ẹnikẹ́ni má bá a dáhùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yá. Ẹ jókòó tì í, kí Bàbá Kékeré náà jókòó, kí ẹ dúró títí yóò fi sọ ọ́ tán. Bó bá ní kí n máa bọ̀, màá di ẹrù mi. Mo fẹ́ sọ pé n kò ní bínú, ṣùgbọ́n irọ́ ni, màá bínú, màá sì wá. Bó bá sì ní kí n má wá, ẹ má fi ṣàánú mi, ẹ má yí i padà, bó ṣe sọ ọ́ ni kí ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo sì ń gbàdúrà pé kó sọ náà nìyẹn.

Ọlọ́run yóò wo ẹ̀yìn yín sàn. Ẹ ó jèrè wa pẹ́. Ilé kò ní dà, a kò ní fi ẹkún pe ara wa. Ẹ bá mi kí tẹrú tọmọ, àti gbogbo ará àdúgbò tó bá bèèrè mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Rísíkátù