Ẹran Ajá Tó Kó Abánikẹ́dùn Jọ

Mosetlheng,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ.

Boitshepo ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ ní Gaborone? Ọlọ́run tó ń bomi rin igi ẹ̀gún láàrin iyanrìn kò ní jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ọ́. Àwa náà wà. Ìyá rẹ ń kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ṣì ń han bí ilẹ̀kùn ọgbà ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ó ní kí n má kọ ìyẹn sínú ìwé, nítorí náà ṣe bí ẹni tí kò kà á. Òjò kò tíì rọ̀, àwọn màlúù ti rù, ẹ̀gbọ́n mi Kelebonye sì ń bá gbogbo àdúgbò jà, ìyẹn ni pé ara rẹ̀ yá.

Ọ̀rọ̀ Brúnò ajá rẹ ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ̀wé. Nígbà tí o fi í sọ́dọ̀ wa, o fún mi ní ìwé ìlànà pé tútù ni kí n máa fún un jẹ, ẹran tútù, ẹ̀dọ̀ tútù, eegun tútù, nítorí pé iná máa ń pa oúnjẹ. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, torí oúnjẹ tí iná ti pa ni mo jẹ ní gbogbo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí mo fi ṣe tíṣà, n kò sì tíì kú. Ṣùgbọ́n mo ní kí n kọ́kọ́ wádìí. Ìwé náà ní kí n wọn ajá, kí n pín ìwọ̀n rẹ̀ sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, kí n fún un ní ìpín mẹ́ta lójúmọ́. Òṣùwọ̀n pẹlẹbẹ tí o fi ránṣẹ́ kò gba Brúnò tó tóbi bí ọmọ màlúù, mo bá lo ọgbọ́n ìṣirò: mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lé e, mo ka nọ́ńbà tó tàn, mo sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìṣirò náà péye, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó sọ ni pé ajá rẹ kò tó adìyẹ méjì. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi fún un ní ẹran tó tó àtàǹpàkò mi, ó sì ń wò mí bí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì ṣe máa ń wo akọ̀wé ìjọba. Ìyá rẹ ló wá bi mí pé, Bàbá Boitshepo, ṣé ẹsẹ̀ nìkan ni gbogbo ajá ni? Mo rí i pé ọgbọ́n wà nínú ìbéèrè náà.

Mo tún wo dókítà ajá tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù, ẹni tó ní ìkookò ni ajá láti ilẹ̀ wá. Mo bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, Rra, ta ló ń wọn ẹran fún ìkookò? Kò dáhùn. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta, mo tilẹ̀ ṣí fìlà. Ó kàn ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ọ̀mọ̀wé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ọ nílé.

Wàhálà dé nígbà tí ọmọ ewúrẹ́ aládùúgbò wa Gaolatlhe sọnù. O mọ̀ ọ́n, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ láìfọwọ́ lé àyà kó sì ní, gẹ́gẹ́ bí alága ìdàgbàsókè. Ó ń kọjá lọ, ó rí Brúnò tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ tútù, ẹ̀jẹ̀ dé imú rẹ̀, kò dúró gbọ́ pé ọ̀dọ̀ alápatà ni ẹ̀dọ̀ ti wá. Ó gbé mi lọ sí kgotla, lábẹ́ igi tí wọ́n ti ń gbẹ́jọ́, ó ní kò sí darandaran tí kò mọ̀ pé ajá tó bá ti tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò, ọgbà ewúrẹ́ ni yóò fi ṣe ilé ìdáná. Ó fi ogójì ìṣẹ́jú sọ irú ewúrẹ́ tí ìyẹn ìbá dà ká ní ó dàgbà. Mo ní, ta ló rí ajá mi níbẹ̀? Ó ní kí Tíṣà dáhùn, ta ló ń kọ́ ajá ní ẹ̀kọ́ ìkookò? Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Olórí àdúgbò, Rra Mothibedi, wá dájọ́ pé kí n fi oúnjẹ sísè bọ́ ajá náà, kí àwọn àgbà fojú rí i kó jẹ ẹ́ láàrin ọjọ́ méje, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìbọn.

Ọmọ mi, Brúnò kọ̀. Mo se ẹ̀kọ ọkà bàbà, ó gbóòórùn ẹ̀, ó wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Mo da wàrà kíkan sí i, ó lá wàrà, ó fi ẹ̀kọ sílẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Ìyá rẹ ń sunkún, èmi sì ń fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tí ebi ń pa tó tún ń ṣe ìyàn. Mo lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn. Fọ́ọ̀mù kan wà lórí tábìlì, mo kọ ọ́ kún: níbi iṣẹ́, mo kọ pé kò tíì rí, níbi ẹ̀sìn, mo kọ tiwa, torí kò tíì tẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kà á, ó wú ikọ́ títí. Ó wá ní kí n se ẹran, pàápàá ẹ̀dọ̀ àti ìfun, torí aràn inú wọn lè gba ara ajá dé ara ènìyàn; ṣùgbọ́n kí n má ṣe se eegun láéláé, torí eegun sísè a máa fọ́ ṣóńṣó, a sì máa gún ajá nífun.

Ẹran sísè tí kò léegun. Kí ló tún kù bí kò ṣe seswaa, ẹran ìgbéyàwó àti ìsìnkú, tí àwa ọkùnrin ń sè níta, tí a ń gún títí yóò fi já bí òwú, tí a ó ṣa eegun rẹ̀ kúrò? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, mo gbé ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí àgbàlá, mo wọ kóòtù nítorí òtútù, mo ń gún. Ohun tí mo gbàgbé ni pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ọkùnrin tó wọ kóòtù bí ẹni tó ń lọ síbi òkú, tó ń gún seswaa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí kò sí ìgbéyàwó nílé rẹ̀, kí ni yóò tún jẹ́ bí kò ṣe ẹni tó ṣọ̀fọ̀?

Kelebonye ló kọ́kọ́ dé, ṣáálì ti wà léjìká, ẹkún ti wà lẹ́nu. Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé? Ó ní áà, ẹ wò ó, ìbànújẹ́ ti gba iyè rẹ̀. Kí n tó yíjú, àwọn ọkùnrin ti dé nínú kóòtù, àwọn obìnrin nínú ṣáálì, orin ti dún. Wọ́n ti ṣe ìṣirò tiwọn: èmi ń gún ẹran, ìyá rẹ ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà, ìwọ ló ṣẹ́ kù tó lè kú. Gaolatlhe fọwọ́ lé àyà, ó ní gẹ́gẹ́ bí alága, òun kò tíì rí ọmọ tó mọ̀ ọ́n kí bíi tìrẹ, àti pé iná àdúgbò ló kú yìí. Ó ń sunkún. Mo jẹ́wọ́ fún ọ, n kò dá a dúró, mo fẹ́ mọ ibi tí yóò já sí.

Nígbà tó fi parí, wọ́n ti bu ẹran. Rra Mothibedi tọ́ ọ wò, ó ní ẹ kú ọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ dà? Mo ní, Rra, ẹ má bínú, n kò fi iyọ̀ sí i nítorí ajá ni. Gaolatlhe ní, ajá la jẹ? Mo ní rárá o, oúnjẹ ajá ni. Ó gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni gbé ejò. Brúnò bá dìde, ó ti orí bọ abọ́ náà, ó jẹ ẹ́, ó lá a, ó jókòó, ó ń wo abọ́ Rra Mothibedi. Mo wá rí i pé kì í ṣe tútù, kì í ṣe sísè. Ohun tí ènìyàn ń jẹ ló ń fẹ́, kí ó sì wà níbẹ̀ tí a bá ń jẹ ẹ́. Gaolatlhe ní ẹjọ́ ewúrẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Rra Mothibedi nu ẹnu, ó ní ẹni tí òun bá jẹun nínú ìkòkò kan, òun kò lè ní kí wọ́n yìnbọn fún un, kí kálukú máa lọ ilé.

Nítorí náà ẹran sísè ni mò ń fún un báyìí, eegun ńlá tútù sì ni ti ọjọ́ ìsinmi. Jọ̀wọ́ fi pula díẹ̀ ránṣẹ́ fún ẹran, torí àwọn kan ti ń yà wá bèèrè ìgbà tí ajá yóò tún se ẹran. Má fi í gba inú fóònù, mo ti tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kò sí àyè tí owó lè gbà. Ju owó lọ, wá sílé fúnra rẹ. Kelebonye gbọ́ ohùn rẹ lánàá, ó ní ohùn nìkan kò tó. Mo fi fọ́tò rẹ hàn án, ó ní fọ́tò ni wọ́n ń tẹ̀ síwájú ìwé ètò ìsìnkú. Ṣáálì rẹ̀ ṣì wà léjìká, ó ní òun kò ní bọ́ ọ títí ọwọ́ òun yóò fi kàn ọ́.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo ohun tí Gaolatlhe sọ nípa rẹ rí bẹ́ẹ̀, kí ó sì pẹ́ púpọ̀ kí ó tó tún un sọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Keoagile, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì.