Ohun Tí Péńtà Ń Wá Nílẹ̀ Pálọ̀ Mi

Ìjemọ̀, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Kọkànlá, 2024.

Mùs'áb ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ìyàwó rẹ le, ṣé àwọn ọmọ sì ń jẹun dáadáa? Èmi náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí fóònù wà. Tí mo bá pè ọ́, wàá máa já lu ọ̀rọ̀ mi, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já lu èyí. Dẹ́rẹ́bà tó ń ná Èkó láti Kútọ̀ ló máa fi í lé ọ lọ́wọ́.

Olújìmí, péńtà ọmọ Owódé tí o rán wá láti fi ọ̀dà kun ilẹ̀ pálọ̀ mi, dé lọ́jọ́ Ajé. O ní ẹ̀bùn ni. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo bi ara mi pé ta ló bẹ̀ ọ́ lọ́wẹ̀. Ilẹ̀ tí èmi àti Màríámù ìyá rẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ fúnra wa kò ké gbàjarè sí ẹnikẹ́ni. Mo wá rántí ohun tí o sọ nígbà Iléyá, pé, “Bàbá, ilé yìí ti tóbi jù fún yín.” Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Èmi rò pé ẹni tó fẹ́ kun nǹkan á ṣí ọ̀dà, á ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́. Jìmí kò ṣí ọ̀dà rárá. Òòlù kékeré ló mú, ó kúnlẹ̀, ó ń lu ilẹ̀ níbí, ó ń lu ú lọ́hùn-ún, ó sì ń dẹ etí sí i. Ibi tó bá dún bí ìkòkò òfìfo, á fi ṣọ́ọ̀kì pupa yí i ká. Ó ta omi sílẹ̀, ó ń wò ó bóyá sìmẹ́ǹtì á mu ún. Ó na téèpù láti ògiri dé ògiri. Níkẹyìn ó yọ fóònù, ó ya fọ́tò. Mo bi í pé ta ló ń fi ránṣẹ́ sí, ó ní ìwọ ni.

Ogójì ọdún ni mo fi ta aṣọ ní Ìtòkú, mo mọ oníbàárà. Ẹni tó fẹ́ rajà á fọwọ́ pa á, á nà án, á gbé e sójú oòrùn, á wá àbùkù tó máa fi ná an wálẹ̀. Ohun tí Jìmí ń fi ilẹ̀ mi ṣe gan-an nìyẹn. Mo ní, Mùs'áb ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilé, òun ni Jìmí ń bá yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú mi yìí. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo sunkún. Níbo ni ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin fẹ́ kó lọ?

Lọ́jọ́ kejì ó da nǹkan kan sílẹ̀ tó ń hó, tó ń ta mí nímú. Ó ní ó máa la ojú sìmẹ́ǹtì kí ọ̀dà lè dì í mú. Ó fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún. Nígbà tó gbẹ, ó gé ọ̀rá, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi mẹ́ta, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án di ọjọ́ kejì, òun fẹ́ mọ̀ bóyá omi wà nínú ilẹ̀. Mo wò ó tìfura-tìfura. Ilé tí wọ́n bá ti ní omi wà lábẹ́ rẹ̀, ṣebí ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń rà á.

Bó ṣe lọ sílé, èmi ni mo kọ́kọ́ ṣí ọ̀dà rẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri iwájú ilé: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹ ṢỌ́RA FÚN MÙS'ÁB. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tí kò kà á ní àdúgbò. Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, lẹ́mọ́mù bi mí pé kí lo ṣe, mo sì sọ fún un níwájú àwọn èèyàn pé o fẹ́ ta ilé tí mò ń gbé.

Láná, Jìmí dé, ó ka ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wọlé, ó ṣí ọ̀rá. Méjì gbẹ. Ẹ̀kẹta, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn níbi tí mo ti ń ṣe àlùwàlá, omi sẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ bí òógùn. Ó ní a gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gbẹ tán, lẹ́yìn náà òun á po yanrìn kíkúnná mọ́ ọ̀dà. Mo bi í pé ibo ni wọ́n ti ń po yanrìn mọ́ ọ̀dà. Ó dọ̀bálẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú. Mùs'áb ní ibẹ̀ yẹn lẹ ti ṣubú lọ́jọ́sí. Ó ní kí n ṣe é kó má yọ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má lè ní kí ẹ kúrò nínú ilé yín.”

Mo jókòó. Oyíndà tó ń gbé ìkejì ilé wa ló gbé mi dìde lọ́jọ́ náà, ó sì búra pé òun ò ní sọ fún ẹnì kankan. Àṣé ó ti sọ fún ọ. Mo fi pa mọ́ fún ọ nítorí mo mọ̀ pé bí àwọn ọmọ bá ti gbọ́ pé bàbá wọn ń ṣubú, wọn kì í jẹ́ kó dá gbé mọ́. Ohun tí mo ń sá fún ni mo dì lé ọ lórí.

Jìmí ti fẹ́ kun ògiri náà, mo ní kó dúró. Lọ́la, bí a bá kí Jímọ̀ tán, èmi fúnra mi máa dúró níwájú rẹ̀, màá sọ fún lẹ́mọ́mù àti gbogbo wọn pé mo ṣubú, pé ọmọ mi ló ń tún ilẹ̀ mi ṣe, kí n tó pa á rẹ́. Ojú á tì mí. Ó yẹ kó tì mí. Dákun, forí jì mí.

Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ rẹ sí fún ọ, wọn á tọ́jú rẹ bí o ti ń tọ́jú mi, o ò sì ní fura sí wọn bí mo ti fura sí ọ. Kò ní rẹ̀ ọ́ o. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó ṣì ọ́ rò,
Láwàlì.

Mo tún rántí: Oyíndà kò mọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣubú. Lẹ́ẹ̀kejì, kò sẹ́nìkan nílé, mo sì wà nílẹ̀ láti ìrun Àìlà títí di Àlàásárì kí n tó lè dìde. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún.