Fèrè Aago Mẹ́fà

Ọjọ́ Àìkú, 1 Òkúdu

Ìwé tuntun. Ti àtijọ́ ti kún.

Ọdún méjìlélógún rèé tí mo ti ń fọn fèrè ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun kúbùsù. Mi ò pẹ́ rí. Aago mẹ́fà, àdúgbò jí. Aago méje, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Èmi ni aago wọn. Àwọn kan ń kí mi fún un. Àwọn tó pọ̀ jù ń ṣépè.

Ọjọ́ Ajé, 2 Òkúdu

Lẹ́tà méjì. Àkọ́kọ́: gbogbo ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè yóò da iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, nítorí ogun tí ìjọba wa lọ dá sí ní ilẹ̀ onílẹ̀. Akọ̀wé ló gbà á. Ìyàwó mi ni, òun náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ níbi iṣẹ́ wa, àtìgbà tí wọ́n sì ti yàn án ni mi ò ti ní orúkọ mìíràn fún un. Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta.

Èkejì jẹ́ ti Kékeré, àbíkẹ́yìn wa, ẹni ọdún mọ́kànlélógún tó ń forí gbá àtẹ́rígbà nígbàkígbà tó bá ń wọlé. Àwọn ológun ń pè é sí ogun yẹn kan náà. Ọkọ̀ yóò gbé wọn ní oríta lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Èyí, kò sẹ́ni tó kà á sókè.

Ìyanṣẹ́lódì yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Mo ṣírò rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ló fi pẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Òkúdu

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ilé wa nìyẹn.

Akọ̀wé ní kí Kékeré má lọ. Ó ní òun ò lè máa kọ̀wé pé ká má hun kúbùsù fún ogun, kí òun sì fi ọmọ ránṣẹ́ sí i. Kékeré ní òun kì í ṣe kúbùsù. Ó ní ẹni tó bá sá, wọn á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ayé. Wọ́n wá bi mí pé kí ni mo rí sí i. Mo ní mo gbọ́. Àwọn méjèèjì bínú sí mi. Ibẹ̀ nìkan ni ohùn wọn ti ṣọ̀kan.

Ọjọ́rú, 4 Òkúdu

Ìpàdé lẹ́yìn iṣẹ́, nínú yàrá òwú. Lẹ́tà olú-ẹgbẹ́ ní kí fèrè dún ní aago mẹ́wàá, kí gbogbo ènìyàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan béèrè pé: fífọn fèrè ńkọ́, ṣé kì í ṣe iṣẹ́? Tí mo bá fọn ọ́n, ṣé mi ò ti ba ìyanṣẹ́lódì jẹ́? Wákàtí méjì. Wọ́n dìbò. Ìpinnu: fífọn fèrè ní aago mẹ́fà, iṣẹ́ ni, ní aago mẹ́wàá, kì í ṣe iṣẹ́, àmọ́ mi ò gbọdọ̀ pẹ́ nídìí rẹ̀. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ọ̀gá Sùúrù ránṣẹ́ pè mí. (Máníjà ni, "ẹ ní sùúrù" ni ìdáhùn rẹ̀ sí gbogbo ẹ̀bẹ̀.) Ó ní tí fèrè bá dún ní aago tí kì í ṣe tirẹ̀, kí n lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Mo ní mo gbọ́.

Ìyá Aláago, aránṣọ tó múlé tì wá, bá Kékeré rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù. Ọmọkùnrin tirẹ̀ náà ń lọ. Òun nìkan ló ní aago tó ń ké ní òpópónà wa.

Mo bi Kékeré pé ṣé kí n jí i. Ó ní rárá, fèrè á jí òun.

Ọjọ́bọ̀, 5 Òkúdu

Fèrè kò dún.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Òkúdu

Kí n to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ.

Nínú lẹ́tà olú-ẹgbẹ́, ìlà kan wà lókè ìlà fèrè: iná bọ́ílà kankan kò gbọdọ̀ jó lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ooru omi tó ń hó nínú bọ́ílà ló ń fọn fèrè wa. A fi wákàtí méjì jiyàn lórí ìlà kejì, kò sẹ́ni tó kíyè sí èkíní. Àfi Oníná, tó ń dáná bọ́ílà. Tí ìwé bá ní kí Oníná dúró nígbà tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, yóò dúró lórí ọ̀kan tó kù. Bí ọjọ́ ṣe yí sí Ọjọ́bọ̀, ó pa iná, ó lọ sùn.

Ni gbogbo àdúgbò bá sùn. Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, àwọn ahunṣọ ta jí, wọ́n sáré jáde, wọ́n rántí pé ìyanṣẹ́lódì ni, wọ́n padà sórí ibùsùn. Ọ̀gá Sùúrù dé lẹ́yìn ìyẹn pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méjì tí kò jọra. Gbogbo orílẹ̀-èdè da iṣẹ́ sílẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Àwa ti ń fi oorun dà á sílẹ̀ láti mẹ́fà. Olú-ẹgbẹ́ ránṣẹ́ kí wa: ẹ̀ka tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé Oníná sórí èjìká. Ó ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, ohun tó wà nínú ìwé lòun ṣe.

Ọkọ̀ dé oríta ní mẹ́fà ààbọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbé ní òpópónà wa.

Nígbà tí mo délé, Kékeré jókòó sórí ibùsùn, bàtà lẹ́sẹ̀, ó ti di okùn rẹ̀. Akọ̀wé ń kọrin nídìí ààrò. Kì í kọrin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Òkúdu

Rélùwéè dúró. Èbúté dúró. Ìgboro dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ bàtà ara mi. A wọ́de. Akọ̀wé kọ pátákó: A Ò HUN KÚBÙSÙ FÚN ÒKÚ. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé e, nítorí pé ọwọ́ mi ṣófo.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Òkúdu

Mo pàdé Ìyá Aláago lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ọmọ òun kò fẹ́ jí lọ́jọ́bọ̀, òun ni òun ta omi sí i lójú. Ó ní, "Ká ní fèrè yín ni mo gbára lé bíi ti gbogbo ayé." Kò parí rẹ̀. Mo bá a gbé garawa rẹ̀ wọlé.

Ọjọ́ Ajé, 9 Òkúdu

Ìyanṣẹ́lódì parí. Ogun kò parí. Ìjọba ní àwọn ti gbọ́. Mo mọ ìdáhùn yẹn, èmi náà máa ń lò ó.

Mo fọn fèrè ní aago mẹ́fà.

Ọjọ́rú, 11 Òkúdu

Lẹ́tà mìíràn fún Kékeré. Oríta, Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀. Ẹni tí kò bá wá lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Orin tán lẹ́nu Akọ̀wé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Òkúdu

Ohun kan wà tí mi ò kọ síbí.

Lóòótọ́ ni iná ti kú lọ́jọ́bọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n bọ́ílà wa kì í tutù bọ̀rọ̀. Ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú márùn-ún, mo wo ojú ẹ̀rọ tó ń ka ooru bọ́ílà. Ooru tó kù tó fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré, àmọ́ ó tó jí òpópónà. Okùn fèrè ti wà lọ́wọ́ mi. Mo rántí pé Kékeré ṣì ń sùn. Mo so okùn mọ́ ìṣó, mo jókòó sórí garawa mi títí aago méje fi kọjá.

Kì í ṣe nítorí ẹgbẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi kú.

Nígbà tí wọ́n gbé Oníná, èjìká tèmi wà lára èyí tó gbé e.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Òkúdu

Mò ń nu bàtà lẹ́yìnkùlé. Kékeré wá jókòó tì mí. Ó ní, "Bàbá, mo ti jí láti aago márùn-ún lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ fún ara mi pé tí fèrè bá dún, màá dìde."

Ó ní òun dúró, dúró. Ọmọ Ìyá Aláago kọjá lójú fèrèsé, ó pe òun lẹ́ẹ̀kan. Òun ò dáhùn.

Mo sọ ti ooru fún un. Ó wo ọwọ́ mi. Ó bi mí bóyá màá fọn ọ́n lọ́la. Mo ní gbogbo àdúgbò ló ń fi í jí.

Ó ní, "Ẹ fọn ọ́n. Mi ò fẹ́ fi oorun ṣe àwáwí mọ́."

Ọjọ́ Ajé, 16 Òkúdu

Kékeré bá mi jáde ní aago márùn-ún ààbọ̀, àpò rẹ̀ léjìká. Akọ̀wé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bá a tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ní oríta, mo rò pé yóò dúró. Kò dúró. Ó tẹ̀lé mi wọ ilé fèrè, ó forí gbá àtẹ́rígbà, ó jókòó sórí garawa mi.

Aago mẹ́fà, mo fọn ọ́n. Ó gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní mẹ́fà ààbọ̀, a gbọ́ tí ọkọ̀ dé. Ó dúró. Ó tẹ fèrè tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó lọ.

Kékeré gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò dìde.