Irúgbìn Bàbá Dod

Oko Backhill,
Ẹ̀bá Turriff,
Aberdeenshire.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹjọ, 2016.

Ishbel mi, ọ̀rẹ́ tó ju ìyekan lọ,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Magnus ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ, àbí ó ṣì ń bá a wọ ọkọ̀ ojú omi? Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ̀fúùfù Shetland kì í jẹ́ kí aṣọ dúró lórí okùn, àmọ́ bí ara bá ti le, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́. Ara tèmi le. Ti Dod, ọkọ mi, ni kò le, òun ló sì mú mi jókòó kọ̀wé, torí mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀.

O mọ̀ pé irúgbìn ọkà báálì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ni Dod ń gbìn. Bó bá kórè, yóò pa díẹ̀ mọ́, yóò sì gbìn ín lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mi ò bá a jà sí i. Irúgbìn náà mọ ilẹ̀ wa, kò sì béèrè owó. Ṣùgbọ́n lásìkò ooru ọdún tó kọjá, mo rí ṣírí mélòó kan tó ti di ìyẹ̀fun dúdú bí èédú, àrùn tó ń bá irúgbìn rìn lọ́dọọdún. Mo ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, kó bu ẹ̀kúnwọ́ kan ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yẹ irúgbìn wò, tàbí kó kúkú ra irúgbìn olóǹtẹ̀, èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ pé kò lárùn.

Ó fi mí ṣẹ̀sín. "Elspet, kí n lọ fowó ra ohun tó kún àká mi? Ṣé òǹtẹ̀ là ń jẹ ni?"

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Murdo Geddes, tí ògiri òkúta kan ṣoṣo pààlà àwa àti òun, ń gbin báálì fún àwọn tó ń ta irúgbìn olóǹtẹ̀. Nígbà tí báálì yọ ṣírí lọ́dún yìí, oko tiwa dúdú káàkiri. Ẹ̀fúùfù ń gbọn ìyẹ̀fun náà sọdá ògiri bí èéfín. Ẹni tó ń yẹ oko wò dé, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó wo ọ̀dọ̀ wa, ó sì ní lójú ẹsẹ̀ pé àrùn wa ti ran oko Murdo, báálì ibẹ̀ kò yẹ fún irúgbìn mọ́. Gbogbo làálàá ọkùnrin náà di oúnjẹ màlúù.

Lọ́jọ́ náà gan-an, mi ò tíì jẹun ọ̀sán tán tí mo fi gbọ́ gbàràmù. Murdo ti fi katakata wó géètì wa. Rólà irin ńlá ló so mọ́ ọn lẹ́yìn, ó wọ àárín báálì, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ. Dod sáré lé e bá, ó fò mọ́ ọn, ó fà á já bọ́ lórí ìjókòó.

"Olè! O jí òógùn mi!" Murdo ló ń pariwo.

"Ta ni olè? Ṣé èmi ni mo rán afẹ́fẹ́?"

"Afẹ́fẹ́ kọ́, ahun ni! Ahun ló ń pa ẹ́, bó ṣe pa bàbá ẹ!"

Ishbel, kò yẹ kó fẹnu kan òkú. Dod gbá a lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ bẹ́. Murdo fa sípánà yọ lápò, ó fi là á lápá, egungun sì ró bí igi gbígbẹ. Ó tún fi gbá a lẹ́nu, eyín iwájú dà sílẹ̀. Dod bá wó lù ú, ó gé e létí jẹ, ó tu ú dànù. Àwọn méjèèjì dúdú látòkè délẹ̀, pupa ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń fi ibi tí ojú wọn wà hàn.

Effie, ìyàwó Murdo, ti dé, ó ń fa ọkọ ẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ń ké pé, "Ẹ kúkú pa ara yín tán, ká sinmi!" Mo sáré gbé ìbọn Dod wá láti ilé, mo yìn ín sókè. Kò sẹ́ni tó gbórí nínú wọn.

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé katakata náà kò kú. Kò sẹ́ni lórí ẹ̀, ó ti yí po, ó dorí kọ wọ́n. Effie sáré síwájú ẹ̀ bíi pé ọwọ́ lásán lè dá a dúró, mo sì gbá a mú. Táyà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ṣùgbọ́n rólà tó fẹ̀ jù ú lọ gun ẹsẹ̀ Murdo. Igbe yẹn kò ṣeé kọ sínú ìwé. Dod tó ti yí kúrò padà wá, ó fi ọwọ́ kan tó kù gbá a mú lọ́rùn aṣọ, ó wọ́ ọ jáde kí irin náà tó dé itan ẹ̀.

"Má kú, ẹlẹ́gbin! Má kú sí mi lọ́rùn!"

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orókún. Nígbà tí ọlọ́pàá dé ọ̀dọ̀ Murdo ní ọsibítù, ó ní òun lòun gbàgbé láti pa katakata, Dod ló yọ òun. Apá Dod tó kán ńkọ́? Ó ní ibi tó ti ń yọ òun ni. Etí ńkọ́? Ó ní rólà ni. Effie ló sọ ọ́ fún mi, kò sì rẹ́rìn-ín. Mi ò rò pé ìdáríjì ni. Mo rò pé kò fẹ́ kí ọlọ́pàá mú Dod, kí ìkórè wá ká ilé méjèèjì mọ́ láìsí ọkùnrin lóko.

Gbọ́ ti ọkọ mi wàyí. Ó dé láti ọsibítù, ó ní tí a bá po oògùn mọ́ irúgbìn náà, a ṣì lè gbìn ín!

Mo ní, "Dod, bí o bá pa hóró kan mọ́ nínú oko yẹn, òun ni kó máa se oúnjẹ fún ẹ."

Mi ò kórìíra irúgbìn ilé, Ishbel. Bí a bá ra olóǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a lè pa tiwa mọ́ nínú ẹ̀ lẹ́yìn náà, ká sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Àìwò ló pa wá. Dod ní bàbá òun kò ní dárí ji òun. Mo ní kó lọ bi Effie bóyá òun ti dárí jì í.

Lánàá, ó gbé fóònù fúnra ẹ̀, ó pe àwọn tó ń ta irúgbìn. Ẹnu tí kò léyín kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ já geere. Ọmọbìnrin tó ń dá a lóhùn ń sọ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́ yín." Ó tún un sọ títí, ó wá figbe ta: "Irúgbìn báálì! Olóǹtẹ̀! Èyí tí kò lárùn!" Ó ju fóònù sí mi lọ́wọ́, ó kẹ̀yìn sí mi.

Ọmọbìnrin náà béèrè pé oko mélòó ni. Mo wo ẹ̀yìn Dod. Mo ní méjì: tiwa, àti ti Murdo Geddes. Dod kò yí ojú padà, kò sì sọ pé rárá.

Bá mi kí Magnus àti ìyá rẹ. Fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Bí ọkọ̀ ojú omi bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, wá bá wa ṣe ìkórè, torí ọwọ́ kò tó.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ, tí kò gbàgbé rẹ,
Elspet Strachan