Nítorí Wáìnì Mi Ni Ìyá Ọkọ Mi Ṣe Ń Gbọ̀n Nínú Òtútù

Kí ẹ tó bú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán ná. Ìyá ọkọ mi ń gbọ̀n nínú yàrá basement wa, lábẹ́ ilé, ní Kettering, Maryland, ní Amẹ́ríkà níbí, ọkọ mi rò pé hítà ló bàjẹ́, hítà ò bàjẹ́ o... èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa ihò tí ooru ń gbà wọ yàrá yẹn dé. Ó dáa, mo ti sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí, shift wákàtí méjìlá ni mò ń ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, nígbà míì ẹ̀ẹ̀mẹrin. Deacon ni ọkọ mi, ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọtí rárá, kódà juice ni wọ́n fi ń ṣe Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ewé igi ń pọ́n, ẹnìkan níbi iṣẹ́ mú mi lọ sí oko àjàrà kan ní Maryland wa níbí, kò tó wákàtí kan sílé. Wọ́n bu wáìnì pupa fún mi, èyí tí wọ́n fi àjàrà oko yẹn gan-an ṣe... ẹ̀yin èèyàn mi, kò dùn bí ṣúgà o, ó kan díẹ̀, ó korò díẹ̀, àmọ́ ńṣe ni èjìká mi méjèèjì sọ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà yẹn, gbogbo October ni mò ń lọ ra ìgò mẹ́ta, mẹ́rin. One glass péré, lọ́sàn-án ọjọ́ tí mi ò lọ síṣẹ́, lórí deck ẹ̀yìn ilé wa, pẹ̀lú suya, kí n máa wo ewé tó ń já bọ́. Ṣé ìyẹn náà pọ̀ jù? Mi ò mutí yó rí láyé mi!

Ọkùnrin tó ń tà á ló kọ́ mi bí mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Kí ìgò wà ní ìdùbúlẹ̀ kí kọ́ọ̀kì má baà gbẹ, kí oòrùn má rí i, kó jìnnà sí ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń gbọ̀n jìgìjìgì, kí ibẹ̀ sì tutù bákan náà lójoojúmọ́. Closet tí a ń kó aṣọ sí nínú yàrá basement ló bá a mu jù. Mo tẹ́ wọn sínú báàgì tí a fi ń lọ sílé, mo fi aṣọ bò wọ́n, mo pa ihò hítà dé. Kò kúkú sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀ nígbà yẹn. Ìgò mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ni Màmá bá dé láti Ìbàdàn. Mo bẹ ọkọ mi kó jẹ́ ká fi Màmá sí yàrá òkè tó gba oòrùn. Ó ní rárá, ibẹ̀ lòun ti ń gbàdúrà. Àga kan, Bíbélì kan, rọ́ọ̀gì kan, odidi yàrá! Òun ní yàrá tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ̀, èmi ní closet kan ṣoṣo nínú ilé tí a jọ ń gbé, ibẹ̀ náà ló lọ kó ìyá rẹ̀ sí. Ẹ sọ fún mi, ṣé kò yẹ kí inú bí mi?

Mo rò pé màá rí àyè kó àwọn ìgò yẹn jáde, àmọ́ orúnkún ń dun Màmá, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gòkè wá. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá ṣí ihò yẹn, closet ni ooru rẹ̀ máa fẹ́ sí tààrà, wáìnì á bàjẹ́. Mo ní màá ṣí i lọ́la... lọ́la ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àfọwọ́fà ni, mo mọ̀. Ṣe ni mò ń gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀sẹ̀ àti tíì gbígbóná sọ̀ kalẹ̀ fún wọn láàárọ̀ lálẹ́. Suwẹ́tà méjì ni wọ́n ń wọ̀ sùn. Ọkọ mi ti pààrọ̀ filter, ó ti wo fídíò títí, ó wá pe technician, Sátidé ló ń bọ̀. Ìka kan ṣoṣo lẹni yẹn máa fi ṣí i, gbogbo wa á sì mọ̀ pé ẹnìkan ló pa á dé.

Lánàá, Màmá ní kí n jókòó. Mo rò pé wọ́n ti rí ìgò. Wọ́n ní àwọn ti sọ fún ọkọ mi kó yí tíkẹ́ẹ̀tì àwọn padà, àwọn ń lọ sílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn lè fara da òtútù, èmi ni àánú mi ń ṣe àwọn, bí mo ṣe ń tibi iṣẹ́ dé tí mò ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ nítorí àwọn. Wọ́n wá gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní ìyàwó tí ọmọkùnrin tí èmi náà bí máa fẹ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe tọ́jú àwọn ni yóò ṣe tọ́jú èmi náà.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá ọkọ, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n ṣí ihò yẹn ní jẹ́ẹ́, kí wọ́n sọ pé iṣẹ́ ìyanu ni? Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún ọkọ mi kí Sátidé tó pé? Àbí Màmá ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Ẹ tètè dá mi lóhùn, nítorí kí n tó ronú, mo ti ṣe àmín sí àdúrà yẹn.