Má Fi Mílíìkì Aládùn Ránṣẹ́ sí Molika Mọ́

Kolthida ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ o, o kú làálàá ìlú Phnom Penh. Kí abẹ́rẹ́ má gún ọ lọ́wọ́, kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìránṣọ yín má rí àṣìṣe rẹ, kí oúnjẹ tí mo bù fún àwọn baba tẹ́ńpìlì láàárọ̀ yìí di ààbò lé ọ lórí. Ara mi le. Màlúù ti bímọ, ìrẹsì ti ń yọrí. Molika ọmọ rẹ náà ti gbádùn báyìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ, torí náà wá ibì kan jókòó.

Agolo mílíìkì mẹ́fà tí o fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ mi, mo sì ní kó dá a padà fún ọ. Kò gbọdọ̀ wọ ilé mi mọ́. Bí inú bá ń bí ọ, kó máa bí ọ.

Lóṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan, ọmọ kékeré tí kò tíì bímọ, wá sí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ẹ̀yìn tẹ́ńpìlì. Ó ní kí Molika la ẹnu, ó ní eyín iwájú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tòkè ti ń jẹrà. Ó bi mí pé kí ni ọmọ fi ń sùn. Mo ní fídà mílíìkì ni, bí ìyá rẹ̀ ṣe ní kí n máa ṣe. Ó ní adùn inú rẹ̀ ló ń jókòó ti eyín mọ́jú tó ń jẹ ẹ́. Mo ní ṣebí eyín ọmọdé ni, ṣebí yóò yọ kí òmíràn hù? Ó tún ní òun fẹ́ fi oògùn kan kun eyín náà kó lè le. Mo ní ṣé ọmọ mi wá di àga tí wọ́n ń kùn ní fánííṣì ni? Ló bá gbé fọ́ọ̀mù jáde pé kí n tẹ̀ka. Kolthida, èmi kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹni tó tẹ̀ka sí ìwé ilẹ̀, ilẹ̀ ti lọ. Bí mo bá tẹ̀ka sí ìwé eyín, eyín ọmọ di ti ìjọba nìyẹn. Mo gbé ọmọ mi, mo lọ sílé, mo sì po mílíìkì ọjọ́ náà kó ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí wọ́n lè mọ̀ pé mi ò gbọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wú bí ẹyin pẹ́pẹ́yẹ. Kò lè gbé omi lásán mì. Sarun aládùúgbò wa fi ọ̀kadà gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì yọ eyín kan. Ó ń ké pe ìyá àgbà rẹ̀ pé kó gba òun, ìyá àgbà náà ló sì di orí rẹ̀ mú fún wọn. Mo sunkún níbẹ̀. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

O ní kí n fi eyín náà ránṣẹ́ lórí fóònù kí o rí i. Láti àárọ̀ di ọ̀sán ni mo fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fóònù, mo tẹ gbogbo ohun tó ṣeé tẹ̀, kò wọlé. Mo ti jù ú sábẹ́ ilé bí a ti ń ṣe eyín òkè tó bá yọ, kí tuntun lè hù.

Mo padà lọ bá nọ́ọ̀sì náà fúnra mi. Mo tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí fọ́ọ̀mù rẹ̀, kó má baà sọ pé ó ku ọ̀kan. Ó kun eyín Molika. Mo ní kó kun tèmi náà, ó ní ti ọmọdé ni. Mo jókòó, mi ò dìde, títí ó fi kun mẹ́ta tó ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu.

Ní báyìí, omi ló wà nínú fídà. Ọjọ́ mẹ́ta ni Molika fi bá mi jà nítorí rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní ahun ni mí, pé mo ń fi omi tọ́ ọmọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Phnom Penh. Mo ní kí wọ́n kó ọmọ tiwọn wá, kí wọ́n la ẹnu, ká ka eyín. Láàárọ̀ àti kó tó sùn ni mo ń fọ ẹnu rẹ̀, ọṣẹ ìfọyín náà kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ.

Fi owó mílíìkì ránṣẹ́, kí n fi ra búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé àti ọṣẹ ìfọyín. Má fi sínú fóònù o. Wọ́n ní èyí tó kọjá wà nínú rẹ̀, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bátìrì nìkan ni mo bá.

O ní mílíìkì yẹn ni ọwọ́ tí o fi ń kan ọmọ rẹ láti ọ̀nà jíjìn. Ó dùn mí, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n wá lọ́dún tuntun, má mú suwíìtì dání, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ oríta ni wàá sùn. Láti ìgbà tí ọjọ́ mẹ́ta ìjà yẹn ti kọjá, Molika kò béèrè mílíìkì mọ́. Ìwọ ló ń béèrè.

Wàá jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, wàá sì ní eyín tí wàá fi jẹ ẹ́.

Èmi ìyá rẹ, tí kò ní yí ohùn padà.